Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tú Ọ̀rọ̀ Palẹ̀ Fúnra Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò náni lówó, kò sì gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ni kì í ṣe é. Bí ọmọ bá ń kàwé tí ó kan ọ̀rọ̀ tí kò yé e, yóò fò ó kọjá, tàbí kí ó sáré wá bá wa nídìí ààrò pé, "Mọ́mì, kí ni eléyìí túmọ̀ sí?" Àwa náà, nítorí iṣẹ́ ń pe iṣẹ́, a ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un kíá, a ó sì máa bá tiwa lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbàgbé. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá a padà sínú ọ̀rọ̀ náà. Kí ó tú u palẹ̀, kí ó wo ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ó sọ ohun tí ó rò pé ó jẹ́, kí ẹ tó dá a lóhùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ọmọ tó wà ní ìwé kẹrin lè rí i nínú ìwé ìtàn kó má mọ̀ ọ́n, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé lọ́yà ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Àbíkẹ́yìn mi bi mí nípa rẹ̀ nígbà kan, bí a sì ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Ọ̀rọ̀ wo lo gbọ́ nínú rẹ̀ tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹjọ́."

"Kí ni wọ́n ń fi ẹjọ́ ṣe?"

Ó ronú díẹ̀. "Wọ́n ń rò ó. Àwọn èèyàn ń rojọ́."

"Ó dáa. Kí ló wà láàárín a tó wà níwájú àti ẹjọ́?"

"Gb... gbà! Gba ẹjọ́ rò!"

"Ta wá ni agbẹjọ́rò?"

"Ẹni tó ń bá èèyàn gba ẹjọ́ rò. Lọ́yà ni, Mọ́mì!"

Mi ò sọ ìtumọ̀ kankan fún un. Ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo ní kó lò. Nígbà tí adájọ́ yọjú ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kan náà, kò wá bá mi mọ́, torí ó ti rí i pé a tó wà níwájú yẹn ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan, iṣẹ́ ẹni náà ló sì tẹ̀ lé e: dá ẹjọ́. Láti ibẹ̀ ni akọ̀wé, awakọ̀, apẹja àti akọrin ti di ohun tí ó lè tú láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ gírámà ń pe irú a yìí ní àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá kì í so àfòmọ́ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Iwájú ni tiwa máa ń wà, àyàfi àfòmọ́ kí tó máa ń há sáàárín ọ̀rọ̀ tí a pè lẹ́ẹ̀mejì, bíi ti ẹnikẹ́ni, ohunkóhun àti ìwàkíwà. Nítorí náà, iwájú ni kí ọmọ kọ́kọ́ wò. Wọ́n ń kọ́ eléyìí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lábẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn lójú tèmi, ìdánwò ni wọ́n sì sábà máa ń torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje tó gbọ́ Yorùbá lè ṣe é nídìí oúnjẹ.

Èyí tó máa ń dàrú mọ́ ọmọ lójú jù ni oní, torí kì í dúró lójú kan. Nínú onílé, onígi àti onígàrí, gbangba ló wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i bẹ̀rẹ̀, n inú oní á di l, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ náà á sì gba ipò fáwẹ̀lì méjèèjì inú oní. Aṣọ á di aláṣọ, ẹran á di ẹlẹ́ran, epo á di elépo, owó á di olówó, ọjà á di ọlọ́jà. Oní kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ mú ọmọ dání lọ sọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ ní kó máa dárúkọ àwọn tó ń tajà bí ẹ ṣe ń kọjá níwájú ìsọ̀ wọn: aláta, ẹlẹ́ja, elélùbọ́, onírẹsì, alágbo. Kò ní pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò máa ṣàlàyé fún yín ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ pé "oníata". Bí ẹ bá wá pàdé ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ẹ bi í pé kí ni ẹni yẹn ní. Ọ̀pá ni. Ìbọn ni àwọn ọmọ ìwòyí mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ọwọ́ wọn ni àwọn baba wa wò tí wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ láìfi àmì sí kò ṣeé tú dáadáa, ibí yìí ni inú sì ti máa ń bí mi sí àwọn ìwé ọmọdé kan tí wọ́n ń tà nígboro. Kọ́lékọ́lé ń kọ́ ilé. Kólékólé ń kó ilé, olè ni. Àmì abẹ́ lẹ́tà méjì péré ló ya oníṣẹ́-ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára olè. Ohùn pàápàá ní ẹ̀rí tirẹ̀ tó ń jẹ́. Ẹ wo akọ̀wé: kọ tí à ń kọ ìwé, ohùn àárín ló ní, ṣùgbọ́n nínú akọ̀wé, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ibo ló ti rí i? Ọ̀dọ̀ ì tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ni. Fáwẹ̀lì náà ti lọ, ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni è inú ènìyàn ṣe fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú apànìyàn. Ẹ wá fi akọrin àti akọ́lé wé e. Orin àti ilé kò ní ohùn ìsàlẹ̀ níwájú, nítorí náà kọ inú akọrin wà bó ṣe wà, kọ́ inú akọ́lé náà wà bó ṣe wà. Ọmọ tí ẹ bá fi èyí hàn nígbà tí ó wà ní kékeré kò ní ka àmì ohùn sí ọ̀ṣọ́ láé. Yóò mọ̀ pé ó ń sọ ohun tó ti wà níbẹ̀ tí ojú kò rí mọ́.

Àpètúnpè bíi ti kọ́lékọ́lé yẹn náà ń sọ iṣẹ́ ènìyàn: jagunjagun, gbẹ́nàgbẹ́nà, panápaná. Àwọn ìyá wa àgbà ṣì rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ti agboolé dé agboolé, tó ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà nínú omi. Ọmọ mi kò rí wolé-wolé rí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń wo ilé ni." Ó wá kù fún ìyá àgbà láti sọ ìyókù, bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń sáré da omi àná nù bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ti wọ àdúgbò. Ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀ tún rí ẹni tí yóò máa sọ ọ́.

Nínú gbogbo àfòmọ́, àì ni mo kà sí pàtàkì jù, torí ó ń yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá. Ó wà lára ògiri ilé ìwòsàn, ó wà nínú ìwé ìròyìn: àìsàn, àìlera, àìríṣẹ́ṣe, àìtó oúnjẹ. Ọmọ tó mọ̀ pé àì ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ yóò tú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní àìgbọdọ̀máṣe, kí ẹ jókòó tì í. Bí ó bá kánjú, á rí àì níwájú, á sì sọ pé ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni, ìtumọ̀ náà á sì dojú dé. Kí ó máa fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan: àì, gbọdọ̀, má, ṣe. Ìkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, àì níwájú, má láàárín. Ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ má ṣe ni. Ìkọ̀ kejì ti tú ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ sì di dandan. Ẹ lè sọ fún un pé iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ wá ní kó tú àṣetiléwá náà wò. Inú ọmọ máa ń dùn nígbà tó bá rí i pé orúkọ iṣẹ́ náà gan-an ló sọ ibi tí yóò ti ṣe é àti ibi tí yóò gbé e lọ.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Nítorí pé fáwẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ àfòmọ́ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè máa ń tú àwọn ọmọ ìyá ká. Kọ́ wà ní K, ẹ̀kọ́ wà ní Ẹ, akẹ́kọ̀ọ́ wà ní A, ìkọ́ni wà ní I, olùkọ́ wà ní O. Bí a, b, d ṣe tò ni àwọn tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé, láti orí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 títí dé atúmọ̀ èdè tí Isaac Délànọ̀ fi Yorùbá ṣàlàyé Yorùbá nínú rẹ̀ ní 1958. Wọn kò ṣe nǹkan tó burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò là lọ́yẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èyí tí kọ́ yé yóò sì mọ̀ pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ohun tí a máa ń ṣe nílé wa ni pé kí ọmọ kọ gbòǹgbò kan sí àárín ìwé, kó wá máa kọ àwọn ìbátan rẹ̀ yí i ká bó ṣe ń pàdé wọn. Ní ti mọ̀, a rí ìmọ̀, onímọ̀, àìmọ̀kan, ọ̀mọ̀wé. Amòye ló pẹ́ kó tó rí, torí fáwẹ̀lì mọ̀ ti bọ́ níbẹ̀, m nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún un pé kó pe mọ̀ àti òye pọ̀ kíákíá kó gbọ́ ohun tí yóò jáde.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ohun tuntun gbáà ni fún àwọn ènìyàn, èdè wa sì rí orúkọ fún ẹ̀rọ náà: amóhùnmáwòrán. Ẹ tú u. A, mú, ohùn, mú, àwòrán. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ̀. Ẹ wá gbé television sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tele wá láti èdè Gíríìkì, ohun tó jìnnà ló ń sọ. Ìyókù wá láti Látìn, ìríran ni. Ọmọ tí a bí sí London, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì paraku, kò lè tú ọ̀rọ̀ yẹn àfi bí ẹnì kan bá kọ́ ọ, torí apá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé wọn. Tiwa, ohun tí à ń sọ nílé lójoojúmọ́ ni. Bákan náà ni ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ amúnáwá, asọ̀rọ̀mágbèsì àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá rí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé Yorùbá ló yẹ kí ọmọ wa ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀. Nínú rẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìwà yẹn láìsí pé ó ń kọ́ àwọn apá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn.

Bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, sáyẹ́ǹsì yóò gbé thermometer, microscope, biology àti geology ka iwájú rẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa tú ọ̀rọ̀ kò ní há wọn sórí bí ẹni ń há nọ́ńbà fóònù. Yóò béèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn apá tó yẹ kó mọ̀ kò sì pọ̀: thermo ni ooru, meter ni ìwọ̀n, micro ni ohun tó kéré, scope ni wíwò, bio ni ìyè, geo ni ilẹ̀, logy ni ìmọ̀ nípa nǹkan. Ẹ sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ń fi àfòmọ́ sí iwájú, ó sì ń fi sí ìdí, kó máa wo ìhà méjèèjì. Ẹ sọ fún un pé un àti àì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan pé Yorùbá yóò dí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wọn lọ́wọ́, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ ọ́ nínú ọgbà wọn. Ó máa ń dùn mí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn tó ń ṣe ìwé fún wọn ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tí Yorùbá kò tíì sọ lórúkọ, inú àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ ti mọ̀ ni wọ́n sì ti ń wá a. Ìwé tí wọ́n fi jábọ̀ jáde ní 1989. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyẹn kan èdè pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ má wá rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣeé tú. Aláǹgbá jọ aláṣọ, ṣùgbọ́n kò sí àǹgbá kankan tí a mọ̀ tí ó ní. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, uncle fi un bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìkọ̀ kankan nínú rẹ̀. Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sára ọkọ̀ agbépo tó ń gba títì márosẹ̀ wa kọjá: inflammable. Ọmọ tó ti mọ̀ pé in ń kọ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ bí incorrect yóò ní kì í gbiná. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń gbiná kíákíá ni. In ti ibẹ̀ yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń sọ nípa títi iná bọ nǹkan. Flammable àti inflammable, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ wá fi kọ́ wọn pé lẹ́yìn tí a bá tú ọ̀rọ̀, a ó dá ìtumọ̀ tí a rí padà sínú gbólóhùn, kí a wò ó bóyá gbólóhùn náà gbà á. Ta ló ń kọ ìkìlọ̀ sára ọkọ̀ pé ẹrù òun kì í jóná? Bí gbólóhùn kò bá gbà á, a tún un wò, lẹ́yìn náà a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ní Houston tàbí níbòmíràn, tí ọmọ yín kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, orúkọ tí ẹ sọ wọ́n ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Babátúndé, baba tún dé. Adébáyọ̀, adé bá ayọ̀. Táíwò, tọ́ ayé wò. Ọmọ tó mọ dé, bá, ayọ̀ àti wò láti inú orúkọ òun àti ti àwọn ìbátan rẹ̀ ti ní ohun tó lè fi tú ọ̀rọ̀ mìíràn. Àní ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń ta acarajé lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó bá tẹ́tí yóò gbọ́ àkàrà nínú orúkọ náà, yóò sì gbọ́ jẹ.

Bí ìwé ìròyìn Aláròyé bá wà nínú ilé yín, ẹ fún ọmọ ní ojú-ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ lálẹ́ òní. Orúkọ ìwé náà gan-an ni kí ó kọ́kọ́ tú, ó ti mọ oní, yóò rí àròyé. Kó ka àkọlé sókè, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀. Bí ó bá wá bá yín pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ fi sùúrù bi í pé kí ló rí nínú rẹ̀. Ẹ dúró dè é. Ẹ má sọ ọ́ fún un títí yóò fi gbìyànjú.